Kí Ẹ Tó Gbé Ẹsẹ̀ Lé E: Ọ̀rọ̀ Lórí Pẹ́dà Náílọ́ọ̀nù Àfọwọ́ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí ojú nìkan kò tó láti ṣọ́. Ènìyàn lè wo àkàbà kan, kí ó rí i pé ó dúró déédéé, pé wọ́n kùn ún dáadáa, pé ìṣó rẹ̀ kò yọ síta. Ọjọ́ tí ó bá gun orí rẹ̀ dé ìdajì ni yóò tó mọ ohun tí igi náà fi sínú. Ohun tí a fi kọ́ ara ògiri, ẹwà rẹ̀ ni a ń wò. Èyí tí a óò gbé ara wa lé, agbára rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ mọ̀, a sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ tí a óò nílò rẹ̀ tó dé.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí pẹ́dà, ìyẹn ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀, tí àwọn kan ń fi náílọ́ọ̀nù ṣe fúnra wọn fún kẹ̀kẹ́ oníná onítáyà kan. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín má tíì fojú kan irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kò burú. Bí ẹ bá ti so jangirọ́fà fún ọmọ rí, tàbí tí ẹ ti fọwọ́ ara yín kan bẹ́ẹ̀dì alájà méjì tí àwọn ọmọ ń sùn sí, ọ̀rọ̀ náà kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Kẹ̀kẹ́ tí kò ní ibi ìdìmú

Táyà kan ṣoṣo ni kẹ̀kẹ́ tí à ń wí yìí ní. Kò ní ọwọ́ tí ènìyàn lè dì mú, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ìjókòó. Táyà náà wà láàárín àpótí kan tí bátìrì àti ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀. Pẹ́dà méjì yọ jáde lára àpótí náà, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ òsì. Ẹni tó ń gùn ún yóò dúró lórí pẹ́dà méjèèjì, táyà yóò sì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Shane Chen, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, ni ó gbé èyí tó kọ́kọ́ lókìkí jáde lọ́dún 2011. Solowheel ni ó pè é. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe oríṣiríṣi. Àwọn kan wà lónìí tí ìwọ̀n wọn ju kílò 40 lọ, tí eré wọn sì ju kìlómítà 50 lọ ní wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ewu ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń mọ̀ bí ara kẹ̀kẹ́ náà ṣe ń tẹ̀. Bí ẹni tó gùn ún bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ̀rọ yóò yí táyà síwájú kí ó lè bá a. Bí ó bá tẹ̀ sẹ́yìn, yóò dín eré kù. Kò sí bíréèkì tí a ń fi ọwọ́ fà, kò sí ibi tí a ń tẹ̀ kí ó tó sáré. Pẹ́dà ni ó dúró fún gbogbo rẹ̀. Gbogbo ohun tí ara bá fẹ́ sọ fún ẹ̀rọ, orí pẹ́dà ni ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Nítorí náà, bí pẹ́dà bá ń tẹ̀ bíi rọ́bà, iṣẹ́ tí a rán sí ẹ̀rọ yóò pẹ́ kí ó tó dé. Bí pẹ́dà bá sì kán, kò sí iṣẹ́ tí yóò dé mọ́. Lórí bàsíkù, bí pẹ́dà kan bá kán, ènìyàn ṣì ní ìjókòó lábẹ́ ìdí, ó ní ọwọ́ tó dì mú, ó sì ní táyà méjì. Lórí kẹ̀kẹ́ onítáyà kan, ilẹ̀ ni ohun tó kù.

Náílọ́ọ̀nù kì í ṣe ọ̀rá

Kí a tó máa bá iṣẹ́ lọ, ó yẹ kí a tún orúkọ kan ṣe. Ní ilẹ̀ wa, bí ènìyàn bá ra ẹ̀bà tàbí àkàrà, ó lè sọ pé, “Ẹ bá mi fi sí náílọ́ọ̀nù.” Ọ̀rá ni ó ń wí. Ọ̀rá tí a fi ń di oúnjẹ àti èyí tí a fi ń di omi kì í ṣe náílọ́ọ̀nù rárá. Polyethylene ni orúkọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe wọ́n, ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ICI sì ṣàwárí rẹ̀ ní ìlú Northwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ ìyá mìíràn ni náílọ́ọ̀nù gangan. Ní oṣù kejì ọdún 1935 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní yàrá ìwádìí tí Wallace Carothers ń darí ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà. Irun búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún ọdún 1940, ìbọ̀sẹ̀ àwọn obìnrin tí wọ́n fi í hun dé ọjà káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń rà á bí ẹni ra omi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, òun ni wọ́n fi rọ́pò sílíìkì láti ṣe agboorùn tí àwọn ọmọ ogun fi ń já bọ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó tí ènìyàn ti ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé náílọ́ọ̀nù.

Ìyàtọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn tó kàwé nìkan. Ẹni tí ó bá lọ sí ọjà láti ra pákó náílọ́ọ̀nù funfun lè bá pákó polyethylene funfun pàdé, kí ojú má sì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Omi lè ràn wá lọ́wọ́. Ẹ gé ègé kékeré, kí ẹ sọ ọ́ sínú abọ́ omi. Polyethylene fúyẹ́ ju omi lọ, yóò léfòó. Náílọ́ọ̀nù wúwo ju omi lọ díẹ̀, yóò rì. Pé ó rì kò túmọ̀ sí pé náílọ́ọ̀nù ni dandan, nítorí àwọn pílásítíìkì mìíràn náà máa ń rì. Ṣùgbọ́n bí ó bá léfòó, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á.

Kí ló dé tí ènìyàn yóò fi ṣe tirẹ̀?

Alumíníọ̀mù tàbí magnesium ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe pẹ́dà tó bá kẹ̀kẹ́ wá láti ilé-iṣẹ́. Wọ́n le, wọn kì í tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yà kọ̀rọ̀ tí ó sì tẹ̀ jù, etí pẹ́dà yóò ha ilẹ̀. Irin máa ń kọ́ ilẹ̀ nígbà mìíràn, ó sì lè gbé ènìyàn ṣubú. Náílọ́ọ̀nù máa ń yọ̀ kọjá lórí òkúta ni, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń gun bàsíkù lórí òkè fi fẹ́ràn pẹ́dà tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù ṣe. Ó tún fúyẹ́. Bí a bá gé alumíníọ̀mù àti náílọ́ọ̀nù ní ìwọ̀n títóbi kan náà, ti alumíníọ̀mù yóò wúwo ju ìlọ́po méjì lọ. Ó rọrùn láti gé, láti lu, àti láti fi sanpépà dán nínú ilé.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dára tí kò ní àléébù tirẹ̀. Náílọ́ọ̀nù rọ̀ ju alumíníọ̀mù lọ púpọ̀púpọ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ nípọn kí ó tó lè dúró. Ó máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, bí ó bá sì ti mu omi, yóò rọ̀ sí i, yóò sì wú díẹ̀. Bí ó bá gbẹ jù, bíi nínú ọ̀yẹ́, ó máa ń le sí i, ṣùgbọ́n kò níí lè gba ìkọlù tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Oòrùn máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá gbé ẹrù lé e fún ìgbà pípẹ́, ó lè tẹ̀ kí ó má padà sípò mọ́. Ara rẹ̀ sì ń yọ̀, pàápàá nínú òjò.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé irú iṣẹ́ yìí wà. Bàtà nọ́ńbà 47 ni ó ń wọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn kọjá pẹ́dà tó bá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá, àtẹ́lẹsẹ̀ a sì máa ro ó lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Ó ra pákó náílọ́ọ̀nù, ó gé e, ó lu ihò sí i, ó fi sanpépà dán an títí tí ó fi ń dán bíi eyín erin. Nígbà tí ó parí ọ̀kan, ó gbé e lọ fi han ìyàwó rẹ̀ nínú ilé ìdáná.

Ìyàwó wò ó, ó ní, “Ó mà rẹwà o, Bàbá Ìbejì. Ẹ ti dán an wò?”

“Mo ti fi òòlù gbá a. Ó le.”

“Òòlù kọ́ ni yóò gbé yín rìn. Ẹ̀yin ni yóò gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ohun tó wúwo jù yín lọ kí ẹ fi lé e, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ yín lé e.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ bí òun nínú, ó wá di ohun tí òun rò títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kì í wù. Iṣẹ́ tí a fọwọ́ ara wa ṣe, ojú ìfẹ́ ni a fi ń wò ó, ojú ìfẹ́ kì í sì í rí àléébù. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹni tó ṣe nǹkan jẹ́ onídàájọ́ lórí rẹ̀. Ẹrù ni kí a jẹ́ kí ó dájọ́, nítorí ẹrù kò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é yóò tú pẹ́dà àtijọ́, yóò wọn gbogbo rẹ̀: ìbú, gígùn, ìnípọn, àti ní pàtàkì jù lọ, ihò tí ọ̀pá irin ń gbà kọjá láti so pẹ́dà mọ́ apá irin tó wà lára kẹ̀kẹ́. Lórí ọ̀pá yẹn ni pẹ́dà ń yí sí nígbà tí a bá ká a sókè. Nígbà tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, etí inú rẹ̀ yóò fi ara ti apá irin náà, ibẹ̀ ni yóò sì ti gba gbogbo ìwúwo ẹni tó dúró lé e. Ẹ fi ọkàn sí ibẹ̀. Bí pẹ́dà bá máa kán, etí inú yìí tàbí ẹ̀bá ihò náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ayùn tó mú ni kí a fi gé e, díẹ̀díẹ̀. Ayùn tó kú máa ń gbóná, náílọ́ọ̀nù yóò sì yọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ihò ọ̀pá kò gbọdọ̀ há jù, nítorí náílọ́ọ̀nù yóò wú nígbà òjò, pẹ́dà yóò sì le láti ká. Ohun tó dára jù ni kí a ki páìpù irin kékeré sínú ihò náà, kí ọ̀pá lè máa yí nínú irin dípò kí ó máa jẹ náílọ́ọ̀nù. Ibi tí bóòtì bá wà, kí bóòtì náà là á kọjá, kí a fi wáṣà gbígbòòrò sí i lábẹ́, kí a sì dè é pẹ̀lú nọ́ọ̀tì ní òdìkejì. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ẹyín bóòtì tí a yí sínú náílọ́ọ̀nù lásán. Ó máa ń fà jáde. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí a lẹ awọ oníyanrìn tó rí bíi sanpépà mọ́ ojú pẹ́dà, kí bàtà má baà yọ̀.

Àwọn mìíràn kì í gé pákó. Ẹ̀rọ 3D printer ni wọ́n fi ń tẹ tiwọn, ìpele lórí ìpele. Ó dára, ṣùgbọ́n ibi tí ìpele kan ti pàdé èkejì ni ó máa ń la. Ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́nà tí ìpele yóò fi máa lọ láti ara ọ̀pá dé etí ìta. Bí ìpele bá tò léra wọn bí búrẹ́dì tí a gé, tí ẹsẹ̀ sì ń fà wọ́n ya, kò níí pẹ́ tí yóò fi là. Okùn náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ sì gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí ó tó wọ inú ẹ̀rọ.

Ohun kan tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe lẹ́yìn ìjíròrò ilé ìdáná wù mí jọjọ. Pẹ́dà mẹ́ta ni ó pinnu láti gé, kì í ṣe méjì. Méjì fún ẹsẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan fún ìparun.

Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí ẹni tó wọn kílò 80 bá dúró lórí pẹ́dà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbé kílò 40. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń gùn ún tàbí tí ó ń sọ̀, ẹsẹ̀ kan ni yóò gbé gbogbo kílò 80. Bí táyà bá sì já sínú kòtò, ìwúwo náà lè di ìlọ́po méjì fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìlànà àgbáyé lórí bàsíkù, ISO 4210, ní kí pẹ́dà bàsíkù lè gba agbára 1,500 newton fún ìṣẹ́jú kan láìkán. Ìyẹn tó ìwúwo nǹkan bíi kílò 153. Bàsíkù kì í ṣe kẹ̀kẹ́ onítáyà kan, ṣùgbọ́n ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ilẹ̀ wa, àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Àpò mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé e.

Ní Houston, àpò kọnkéré olóṣùwọ̀n 80 páùn, ìyẹn kílò 36, ni ẹ̀gbọ́n mi rí rà. Ó de apá irin kẹ̀kẹ́ mọ́ tábìlì iṣẹ́ tó lágbára, ó so pẹ́dà mọ́ ọn, ó gbé pákó tó rí bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà lé ojú pẹ́dà, ó sì so ṣéènì láti ara pákó náà mọ́ àtẹ kan tó wà nísàlẹ̀. Àtẹ náà kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ sí ilẹ̀, kí ẹrù má baà já láti òkè. Ó wọ awò ìdáàbòbò ojú. Kò sì fi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ sí abẹ́ ẹrù nígbà kankan. Ó gbé àpò kan lé e, ó wọn bí etí pẹ́dà ti wálẹ̀ tó, ó gbé èkejì, ó wọ̀n ọ́n, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Ó wá fi garawa omi oní-lítà mẹ́wàá kún un. Àròpọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 155.

Pẹ́dà àkọ́kọ́, èyí tí ó ti fi òòlù gbá, kò kán. Ṣùgbọ́n ìlà funfun kan yọ ní igun inú lẹ́bàá ihò, níbi tí ó ti gé e ní igun mẹ́rin tó mú ṣáṣá. Nígbà tí ó kó ẹrù kúrò, etí pẹ́dà kò padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó kù mílímítà mẹ́ta. Ìtumọ̀ ìlà funfun yẹn ni pé inú náílọ́ọ̀nù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Igun tó mú máa ń kó gbogbo wàhálà jọ sójú kan, gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí a bá ti fi abẹ gé etí rẹ̀ díẹ̀ ṣe máa ń fà ya láti ibẹ̀ gan-an. Pẹ́dà yẹn ni ó wá di ti ìparun. Ó gbé jáàkì mọ́tò tì í títí ó fi ya. Ohun tí ó rí níbẹ̀ tù ú nínú díẹ̀: náílọ́ọ̀nù kò ṣẹ́ ní pàá bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá ṣẹ́. Ó kọ́kọ́ funfun, ó tẹ̀, kí ó tó ya. Ó ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń wò ó.

Nínú àwọn méjì tó kù, ó sọ igun mímú yẹn di roboto, ó ki páìpù irin sí ihò, ó sì jẹ́ kí ibi tó fi ara ti apá irin nípọn sí i. Ó tún gbé ẹrù kan náà lé wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú kan kọjá, wákàtí kan kọjá. Ó fi sílẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí náílọ́ọ̀nù lè fara da ẹrù fún ìṣẹ́jú kan kí ó sì juwọ́ sílẹ̀ lóru. Kò sí ìlà funfun. Nígbà tí ó kó ẹrù kúrò, etí pẹ́dà padà sípò.

Kò dúró níbẹ̀. Ó ju àpò iyanrìn kílò 15 lé wọn láti ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 40, nítorí ẹrù tí a rọra gbé lé nǹkan kò jọ èyí tó já lù ú. Ó fi jáàkì tì wọ́n, ó tú u, ó tún tì wọ́n, lọ́pọ̀ ìgbà, ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti tẹ wáyà síwá sẹ́yìn títí tó fi já mọ ìdí rẹ̀: ohun tí kò kán lẹ́ẹ̀kan lè kán lẹ́ẹ̀kẹgbẹ̀rún. Níkẹyìn, ó rì wọ́n sínú omi fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wọ̀n wọ́n kí ó tó rì wọ́n àti lẹ́yìn rẹ̀ kí ó lè mọ iye omi tí wọ́n mu, ó sì tún gbé ẹrù lé wọn. Wọ́n tẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n padà sípò.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ wá kàn án

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ìrìn àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ lójú títì. Orí koríko ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú eré tí kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ, pẹ̀lú akoto lórí, ìbòrúnkún lórúnkún, àti ohun ìdáàbòbò lọ́rùn-ọwọ́. Lẹ́yìn ìwọ̀n ìrìn díẹ̀, kí a dúró, kí a yẹ bóòtì wò, kí a yẹ igun inú wò bóyá ó ń funfun. Bí kò bá sí nǹkan, kí a fi eré díẹ̀ kún un lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí koríko àti ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo kí ó tó jáde.

Ìdánwò kò tán pẹ̀lú ìrìn àkọ́kọ́. Oòrùn ń ṣiṣẹ́, omi ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni kí a tú pẹ́dà, kí a nu ún, kí a sì wò ó nínú ìmọ́lẹ̀. Ìlà funfun, ihò tó ti fẹ̀ sí i, etí tó ti wálẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tó láti sọ ọ́ nù. Kí a má ṣe ká owó tàbí wákàtí tí a ná lé e lórí. Pẹ́dà mìíràn wà ní ọjà, eegun ẹsẹ̀ kò sí ní ọjà. Kí àwọn tó ń gbé ní òkè òkun sì ṣèwádìí òfin ìlú wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àpẹẹrẹ, òfin kò fàyè gba irú kẹ̀kẹ́ yìí lójú títì tàbí lórí ibi ìrìn-ẹsẹ̀. Orí ilẹ̀ àdáni tí onílẹ̀ ti fọwọ́ sí nìkan ni ó ti ṣeé gùn.

Ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, “Èwo ni ti wàhálà yìí lórí pẹ́dà?” Ṣùgbọ́n ẹ wo àyíká yín. Jangirọ́fà tí a so mọ́ ẹ̀ka máńgòrò, àga tí a kàn láti inú pákó tó ṣẹ́kù, irin tí wọ́n jó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà kí ọmọ lè jókòó níbẹ̀: ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá. Ta ló kọ́kọ́ dán an wò, ẹrù ni àbí ọmọ?

Kò sí ohun tí ó pọ̀ nínú ìdáhùn rẹ̀. Ẹ mọ ìwúwo tí yóò gbé, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ fi àpò iyanrìn dípò ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí ó sùn lórí rẹ̀. Ẹ wò ó nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ tún wò ó nígbà tí ó bá tutù. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ ṣe ọ̀kan lé ní iye tí ẹ nílò, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín ba ọ̀kan náà jẹ́, kí ẹ lè mọ ibi tí agbára rẹ̀ parí sí. Bí kò bá sí àyè fún ìdánwò, ẹ ra èyí tí ilé-iṣẹ́ ti dán wò; kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí ẹnìkan nínú ilé bá sì béèrè pé, “Ẹ ti dán an wò?”, ẹ má ṣe rò pé ó fojú tín-ín-rín iṣẹ́ yín. Ó fẹ́ kí ẹ padà wálé lórí ẹsẹ̀ yín ni.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Elédùmarè máa ṣọ́ wa lọ, ká má sì dẹ́kun láti ṣọ́ ara wa.